Sólà Tí Mo Ní Kó Gbààwẹ̀

Wumpini ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àwẹ̀, mo kí ọ kú oòrùn Akra. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí òrùlé àwọn olówó tí ò ń gùn kiri, kò sì ní jẹ́ kí iná gbé ọ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹ sààrì dáadáa, kí o má kàn mu tíì kó o sì gun àkàbà. Ewúrẹ́ rẹ ti bí ìbejì, àwọn méjèèjì sì ti jẹ etí fìlà mi.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé ni ti sólà tó o wá gbé kalẹ̀ sídìí kànga kó máa fa omi fún ìlú àti sí oko ilá wa. Lọ́jọ́ tí àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kò mú omi wá mọ́, ilá wá ń rọ. Àwọn èèyàn ń sọ pé iṣẹ́ ọmọbìnrin kì í tọ́jọ́, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Dokurugu tó ń tún ẹ̀rọ dísẹ́lì ṣe, tí kò ríṣẹ́ mọ́ látìgbà tí sólà rẹ ti dé, ní kí baálẹ̀ jẹ́ kí òun tú u dànù, kí a padà sí ẹ̀rọ òun tó ń rú èéfín. Baálẹ̀ ní kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó wá ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí títí, kò rí i. Ó tiẹ̀ yìn mí pé mo ṣe dáadáa tí mo fi ẹ̀wù fúgù mi bò ó, pé ooru ló máa ń pa ẹ̀rọ.

Kì í ṣe tìtorí ooru ni mo ṣe bò ó. Ìwọ lo sọ fún mi pé oòrùn ló ń jẹ. Mo wá rò ó pé gbogbo ìlú ló ń gbààwẹ̀, báwo ló ṣe máa jẹ́ pé òun nìkan ni yóò máa jẹun lọ́sàn-án gangan lójú gbogbo ayé? Tí ilẹ̀ bá ṣú, mo máa ń ṣí i kó lè ṣínu, àmọ́ kò jẹ nǹkan kan, mo rò pé àárẹ̀ ni.

Ìgbà tí Lèmọ́mù fẹ́ ṣe àlùwàlá tí kò rómi ló bi mí ohun tí fúgù mi ń ṣe lórí sólà. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Neindow, ẹni tó ń fa omi fún gbogbo ìlú nínú oòrùn, àwẹ̀ kò di dandan fún un. Ṣí i, kó jẹun.” Mo ṣí i, kò sì pẹ́ tí omi fi tú jáde.

Dokurugu tẹ̀lé mi délé. Ó ní látìgbà tí irun òun ti dúdú lòun ti ń fọ ọ́ìlì dísẹ́lì kúrò lọ́wọ́, àmọ́ nǹkan tí kò ní ọ́ìlì tí kò ní èéfín yìí, òun kò mọ̀ ọ́n, òun sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. “Sọ fún ọmọ rẹ kó gbà mí síṣẹ́ kíkọ́. Màá máa pè é ní ọ̀gá.” Dokurugu tó máa ń lé ọ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní kékeré, tó ní kí o lọ bá ìyá rẹ nídìí ààrò! Jọ̀wọ́, má rántí ìyẹn. Wá lẹ́yìn àwẹ̀, kó o kọ́ ọ.

Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó fúgù tuntun ránṣẹ́. Oòrùn tí n kò jẹ́ kí sólà jẹ, òun ló jẹ fúgù mi, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Mo fẹ́ kí ara mi yẹ orúkọ tuntun tí ìlú ń pè mí. Ọlọ́run yóò fi ọ́ ṣe orí iṣẹ́ rẹ, wàá dàgbà, wàá dògbó, ayọ̀ rẹ kò ní gbẹ bí omi kànga yìí kò ṣe gbẹ.

Èmi ni,
Bàbá Ọ̀gá.