Àpáàdì Mẹ́rìnlá Abẹ́ Eérú

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́nu kòtò tí a fi ń wá ohun àtijọ́ lórí òkè. Baba Ṣọ́bìrì ń wa ilẹ̀, èmi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó bá wà jáde, mà á kà á, mà á fọ̀ ọ́, mà á sá a, mà á wá fi yíǹkì kọ nọ́ńbà ìpele tó ti wá sí i lára. Ìpele kẹta ni àpáàdì pọ̀ sí. Ìkẹrin, eérú, ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ìkarùn-ún wà lábẹ́ eérú — ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Awò Mẹ́ta, ọ̀gá wa (awò ojú mẹ́ta ló máa ń gbé kọ́rùn), ní bí a bá rí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lábẹ́ eérú, wọn ò ní lè la títì gba orí òkè yìí. Bí a ò bá rí i, katapílà dé. Ilé Bàámi ni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà títì náà. Ọ̀gá ò mọ̀. Ṣé ó yẹ kí n ti sọ fún un?

Ọjọ́rú, 6
Òjò. Àpò méjì ló kù ní fífọ̀: ọ̀kan láti ìpele kẹta, ọ̀kan láti ìkarùn-ún. Ẹrẹ̀ bo tibí bo tọ̀hún, o ò lè mọ òkúta yàtọ̀ sí àpáàdì àfi bí omi bá kàn án. Mo fi ìkánjú fọ̀ wọ́n, mi ò yẹ̀ wọ́n wò, mo sá wọn sórí àtẹ méjì. Ó yẹ kí n so páálí nọ́ńbà mọ́ etí àtẹ. Ojú ọ̀run ti ṣú, mo fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn dé. Èmi àti Baba Ṣọ́bìrì sáré gbé àtẹ wọlé, ó ń kígbe lẹ́yìn mi: “Akọ̀wé, ẹ rọra. Àpáàdì ti fọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ò gbọdọ̀ fọ́.”

Mo rí páálí méjèèjì lórí ilẹ̀ tútù. Mo dá wọn padà sáyè wọn.

Ọjọ́bọ̀, 7
Wọ́n ti gbẹ. Àtẹ ìpele kẹta, yangí lásán. Àtẹ ìpele karùn-ún — àpáàdì mẹ́rìnlá, dúdú, wọ́n fi òòyà fín in lára. Mo kọ 5 sí wọn lára níkọ̀ọ̀kan. Awò Mẹ́ta pààrọ̀ awò lẹ́ẹ̀mẹta, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Àbúrò, ṣé o mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí?”

Baba Ṣọ́bìrì ní òun ò rántí pé òun wa nǹkan tó dára tó báyìí nísàlẹ̀ yẹn. Ọ̀gá ní, ìwọ tí o wá fìlà káàkiri lánàá tó sì wà lórí rẹ. A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 8
Mi ò ka ohun inú àpò ìpele karùn-ún kí n tó fọ̀ ọ́. Òun nìkan ni mi ò kà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Lọ́dọ̀ Bàámi. Bíríkìlà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi mọ ilé náà, inú rẹ̀ ni ìyá mi kú sí. “Ìyá mi,” bí wọ́n ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “kí lẹ rí nínú kòtò yín?” Mo ní àpáàdì. “Àpáàdì ni yóò dá katapílà dúró? Ayé ti dé ibẹ̀.” Wọ́n ní kí n bá àwọn kí àpáàdì náà. Àṣé wọ́n ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọmọ àwọn ti gba ilé sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12
Mo tú àpótí ìpele kẹta, èyí tí mo ti kọ nọ́ńbà sí láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ní kí n kàn wò ó. Kí ni mò ń wá? Ètè ìkòkò kan, 3 lára rẹ̀. Mo fi ojú ibi tó ti fọ́ kan ti ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rìnlá. Wọ́n wọ ara wọn. Ìlà òòyà gba ara ọ̀kan kọjá sí ara èkejì, kò já.

Ọjọ́rú, 13
Mo ti kà á nínú ìwé pé eku lè gbẹ́ ilẹ̀, kó gbé àpáàdì òkè lọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan, eku lè gbé e. Mo tún wá èyí tó bá ara wọn mu: ó di mẹ́ta. Eku wo ló ń kó ẹrù ilé báyìí? Eérú náà ò sì ní ihò kankan, èmi ni mo yà á sínú ìwé.

Ètè ìkòkò yẹn wà nínú àpò aṣọ mi láti àárọ̀. Ṣáláńgá ibi iṣẹ́ jìn. Mo lọ dúró lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni yóò mọ̀? Èyí tó burú jù: ká ní ọkàn mi ò ti fẹ́ kó jẹ́ 5, ṣé ọwọ́ mi ì bá gbé páálí yẹn síbẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n ní méjì méjì, 3 àti 5 lára ìkòkò kan náà. Mo gbé wọn sórí tábìlì Awò Mẹ́ta. Mo sọ ti òjò àti páálí tí mo ti pààrọ̀ síra wọn, mo sọ ti ilé. “Ilé baba rẹ, Àbúrò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. “O ò bá ti sọ. Ǹ bá ti gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn.”

Baba Ṣọ́bìrì ní kí wọ́n fún òun títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wa igun kòtò tó ṣẹ́ kù, ó gba inú eérú kọjá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo ń fọ ohun tó ń wà jáde. Yangí. Yangí. Yangí.

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Ìwé ti lọ sọ́dọ̀ ìjọba. “Lábẹ́ eérú: kò sí.” Èmi ni mo kọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Mi ò lọ sọ́dọ̀ Bàámi.

Ọjọ́ Ajé, 25
Ìjọba ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì, ọ̀kan dábùú ọ̀kan, sára ògiri ilé wa. Mo bá Bàámi níwájú rẹ̀ pẹ̀lú okùn bíríkìlà wọn, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ògiri tọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀: páálí, òjò, àwọn mẹ́rìnlá, ọwọ́ tó kọ “kò sí”. Wọn ò wojú mi. Wọ́n na okùn sórí ọ̀dà náà, wọ́n di ojú kan.

“Ẹni tó fa ìlà yìí ò mọṣẹ́. Ó wọ́.”

Wọ́n na etí okùn kejì sí mi. Wọn ò pè mí ní Ìyá mi.

“Dì í mú. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń sàmì sí nǹkan lára.”

Mo dì í mú.