Aago Mẹ́wàá Ni Aago Mẹ́wàá: Ìkẹ́dùn fún Ẹbí Ọ̀gágun Rasheed Oyèlárán

Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò Ìlàrè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Sí ìyá wa, Alhaja Khàdíjàh Oyèlárán, àti gbogbo ọmọ Ọ̀gágun,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí fi gbọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá pé Ọ̀gágun-fẹ̀yìntì Rasheed Oyèlárán, ọkọ yín, baba wa, ti dágbére fáyé lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Àmọ́ a ò ní purọ́ fún yín, Alhaja: bí a ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni orí wa ń wú.

Nígbà tí a wá kí yín lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìnkú, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi wá. Ẹ ní, "Ṣé ilé ìgbẹ̀bí tí bàbá yìí fi gbogbo ara ṣe ò ní bá wọn wọlẹ̀ báyìí?" Ìwé yìí ni èsì.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀gágun fi wọ aṣọ ológun. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun. Ẹnu Sájẹ́ǹtì Hakeem ti Ìrẹmọ, tó bá wọn ṣiṣẹ́, la ti gbọ́ ohun tí a mọ̀. Ipò Méjọ̀ ni wọ́n wà nígbà náà, nígbà tí wọ́n rán àwọn sójà wa lọ pẹ̀tù sí ogun abẹ́lé nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn ará ìlú igba ó lé mọ́kànlá sá pamọ́ sínú ilé ẹ̀kọ́ kan, Ọ̀gágun sì ti ránṣẹ́ sí wọn pé aago mẹ́fà àárọ̀ làwọn máa dé. Àfi bí mọ́tò ṣe débi odò tí afárá ti já! Hakeem ní ọ̀rọ̀ kan ló jáde lẹ́nu ọ̀gá òun: "Ẹ bọ́ sílẹ̀." Wọ́n la odò kọjá, wọ́n fẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́rìnlá tó kù. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n dé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ làwọn ọlọ́tẹ̀ yọ, wọ́n bá sójà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹyọ ẹnìkan ò kú nínú àwọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ yẹn.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá dé sáàárín wa lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Bí a bá kọ aago mẹ́wàá sínú ìwé ìpàdé, aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni gbogbo wa kà níbẹ̀. Nípàdé àkọ́kọ́ tí Ọ̀gágun wá, èmi akọ̀wé tí mo mú kọ́kọ́rọ́ dání nìkan ni wọ́n bá. Bí aago mẹ́wàá ti lù, wọ́n ní kí n tilẹ̀kùn, kí n mú bírò. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè, wọ́n dá ara wọn lóhùn, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbàdúrà ìparí. Alága wa, Bàbá Adéagbo, dé tòun ti agbádá, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Háà! Bàbá gbaná jẹ. Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, láti aago mẹ́sàn-án ni Bàbá ti jókòó sórí àga, tó ń wo àwa yòókù bí ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò kúrò lọ́kàn Ọ̀gágun. Sùmáyà, ọmọ àdúgbò wa, bímọ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí kan, nítorí pé ẹni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ ṣì wà nílé tirẹ̀. Ọmọ náà ò yè. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gágun fi wà nídìí wa títí a fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tiwa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àná yìí, la dá láti ṣí i. Àmọ́ ọlọ́jọ́ dé bá Ọ̀gágun ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wa ní ká sún un di ẹ̀yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, torí bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe bí ẹni ńlá bá lọ. Bàbá Adéagbo ló dìde. Ó ní, "Rasheed tilẹ̀kùn mọ́ èmi alága. Ṣé èmi ni n ó wá tilẹ̀kùn mọ́ aboyún nítorí Rasheed?" Ọ̀rọ̀ parí.

Alhaja, lánàá, aago mẹ́jọ ò tíì lù táwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì ti dé. Sájẹ́ǹtì Hakeem wọ kaakí rẹ̀ àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bọ́tìnnì ikùn kò pàdé mọ́, ó sì bẹ́rí. Sùmáyà la fún ní kọ́kọ́rọ́. Aago mẹ́jọ géérégé ló ṣílẹ̀kùn. Kó tó di ọ̀sán, obìnrin kan láti ọ̀nà Ẹnuwá ti bí ọmọbìnrin, igbe ọmọ náà sì dé títì. Ìyá ọmọ kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Ọ̀gágun Oyèlárán. Èsì yín rèé o: kò bá wọn wọlẹ̀!

Ẹgbẹ́ yìí ò ní fi yín sílẹ̀. Sùmáyà àtàwọn ìyá àdúgbò yóò máa wá bá yín gbé títí ẹ ó fi ṣe opó tán, orúkọ Ọ̀gágun la ó sì kọ sára ilé náà. Kí Ọlọ́run Ọba Aláàánú fi Àlùjánnà onídẹ̀ra ṣe ibùgbé wọn. Kó rẹ̀ yín lẹ́kún, kó tu ẹ̀yin àtàwọn ọmọ nínú, kó fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà dí àlàfo tó ṣí sílẹ̀ yìí.

Ní ọ̀túnla, Ọjọ́bọ̀, a ó pé sínú ọgbà ilé yín fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Aago mẹ́wàá lẹ kọ síwèé. Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, bó bá ti lù, ẹ ní kí wọ́n ti géètì. Ẹni tó bá pẹ́ nínú wa, ìta ni kó ti ṣe àmín.

Bọ́látitó Àyàndélé (Arábìnrin),
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.