Lẹ́tà Tí Mo Kọ Fún Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi

Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ọkàn mi ò balẹ̀. Màníjà lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ láàárọ̀ pé wọ́n máa yẹ ìtọ̀ gbogbo wa wò lọ́la, pé ẹni tí wọ́n bá rí oògùn olóró lára rẹ̀, ọlọ́pàá ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́. Inú àwọn tó wá gba oògùn ibà ní klíníìkì ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì dùn sí i. Wọ́n ní kí ọlọ́pàá kó gbogbo àwọn tó ń lo oògùn olóró lọ.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi tó ń kó ẹrù sí tírélà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀yìn tó ń dun òun ló jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í lo tramadol, oògùn ìrora, òun ò wá lè fi í sílẹ̀ mọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí màníjà pé ẹ̀yin lẹ fún mi ní oògùn náà."

Mo ní mi ò lè parọ́. Ohun tí mo kọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, ó sì ń fẹ́ ìtọ́jú.

Màníjà ka lẹ́tà náà, ó gbà kó lọ gba ìtọ́jú. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tù mí ni nígbà tó bi mí pé, "Àwọn wo ló tún kù, Nọ́ọ̀sì?"

Mo ní mi ò mọ ẹnì kankan. Mẹ́ta ni mo mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló wa mọ́tò ilé iṣẹ́ tó gbé wa wá sí Ire-Akari, àdúgbò wa, nírọ̀lẹ́. Mo ń wo ojú rẹ̀ nínú dígí mọ́tò títí a fi délé.