Ìhágún Aikande Temu lórí Ilé, Ewúrẹ́ Mẹ́ta àti Fáìlì Omi

Èmi, Aikande Elirehema Temu, ọmọ ìlú Marangu, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni mo kọ ìwé yìí. Kíndìnrín mi ni kò yá, orí mi pé. Dókítà jẹ́rìí sí i. Ó ní mo ń bá òun jiyàn jù fún aláìsàn. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú, mo fagi lé e.

1. Agbẹjọ́rò Mushi ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Kí ó ka ìpín karùn-ún sókè ní ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ohun tó tó abẹ́rẹ́ nínú ẹrù mi.

2. Ilé mi, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí tó yí i ká, di ti Ndeonasia, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọkùnrin ìdílé yóò ní obìnrin kì í jogún ilẹ̀ tí ibojì bàbá wà. Mo ti gbọ́. Àwọn kan náà ni kò wá gé koríko ibojì ọ̀hún láti ọdún méje.

3. Ewúrẹ́ mẹ́ta di ti Màmá Shayo, opó tó ń gbin àlùbọ́sà nísàlẹ̀ òkè. Kí ó ṣọ́ èyí tó ní ìwo kan. Ó máa ń jẹ aṣọ tí a bá sá.

4. Fáìlì omi. Kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ omi wa ló ń ṣí ìlẹ̀kùn omi fún àwọn oko. Mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀kan fún ìdánwò, ọ̀kan fún àṣedánrawò ìkẹyìn, ọ̀kan tó ń ṣí omi gan-an. Fáìlì tó ń sọ aago tí ìlẹ̀kùn yóò ṣí gbọ́dọ̀ rí bákan náà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, inú fáìlì kan ṣoṣo tí a ń pè ní ìyá ni a ti ń ṣe àtúnṣe, kí àwọn mẹ́ta tó dà á kọ. Bí ènìyàn bá fọwọ́ tún ti ẹ̀rọ gidi nìkan ṣe, irọ́ ni ìdánwò yóò máa pa. Èmi ni mo ṣe òfin yẹn, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Kọ́kọ́rọ́ fáìlì ìyá di ti Nderumaki Lyimo, tí a jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, bí ó bá gbà á. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn yá jù.

5. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ pè mí pé kí omi àlùbọ́sà máa ṣí ní aago méjì òwúrọ̀, bí a ṣe ń kà á láti ìgbà tí oòrùn bá yọ. Mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń pè é. Mò ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó. Mo kọ 2 sórí ẹ̀rọ gidi, n kò fọwọ́ kan fáìlì ìyá. Àwọn ẹ̀rọ méjì yòókù kò mọ̀, ìdánwò sì ní gbogbo rẹ̀ dára. Aago méjì òru ni omi ṣí, nígbà tí kò sí ẹni tó máa darí rẹ̀ lóko. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbá gbogbo irúgbìn Màmá Shayo lọ.

Kọ̀ǹpútà a máa kọ orúkọ ẹni tó bá tún un ṣe sílẹ̀. Mo kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orúkọ mi ni. Ní ìpàdé, mo ní Nderumaki ni.

Àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Ẹ bi Nderumaki ní aago, kẹ́ ẹ wá fi mẹ́fà kún un." Wọn kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nderumaki kó lọ sí ìlú Mwanza, ó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó fẹ́ gbé wá tọrọ mi lọ́wọ́ ẹbí ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ rere mi ni mo fẹ́ràn jù ú lọ.

6. Aago ògiri mi, ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ.

7. Lóṣù tó kọjá, mo fi ìpín karùn-ún ránṣẹ́ sí Nderumaki, kí ó má baà jẹ́ ẹnu agbẹjọ́rò ni yóò ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kó tó dáhùn. Mo dà á kọ síhìn-ín láìyọ ọ̀rọ̀ kan: "Aikande, mo ti rí orúkọ ẹ níbẹ̀ kó o tó rí i. Mo wá sípàdé yẹn kí n lè dúró tì ẹ́ tó o bá jẹ́wọ́."

Kò sọ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́.

Mo fọwọ́ sí i ní Moshi, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta, ọdún 2024.
Aikande Elirehema Temu

Àwọn tó rí i nígbà tí mo ń fọwọ́ sí i:
Eliapenda Kileo, nọ́ọ̀sì
Godlisten Massawe, akọ̀wé agbẹjọ́rò