Má Tíì Ra Ẹ̀rọ Náà, James

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Ajé, oṣù Kọkànlá, 1988.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, James,

Mo kí ọ, mo kí Rúùtù ìyàwó rẹ, mo sì kí bàbá wa ní Ìrẹsà. Ṣé ara wọn ti mókun? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti gbà wọ́n láyè láti dé oko iṣu? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ará Bàptíìsì Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi bí ara ẹnì kan kò bá yá, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ nípa tiwọn. Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Tiwa gan-an ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí, ìdí nìyí tí ìwé yìí fi máa gùn.

Ṣáájú ohunkóhun, mo fẹ́ kí o dá ọwọ́ dúró ná. Nínú ìwé tí mo fi rán Simon dẹ́rẹ́bà sí ọ, mo ní kí o lọ bá Alájì tó ń ta ẹ̀rọ ní Sábó, kí o ra èkejì nínú àwọn ẹ̀rọ míkísà méjì tí a jọ yẹ̀ wò, èyí tí ohùn rẹ̀ dùn, kí a lè padà sẹ́nu iṣẹ́ dísíkò wa. Mo tẹnu mọ́ ọn pé o kò gbọdọ̀ ra oníná wẹ́wẹ́ tí Hafeez fẹ́. Bí o kò bá tíì rà á, jọ̀wọ́, má tíì rà á. Mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Oníná yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o rà. Mo mọ̀ pé wàá ní orí mi ti dàrú. Jókòó, kí o ka ìyókù.

O mọ bí èmi àti Hafeez ṣe ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ni jẹnẹrétọ̀, wáyà àti ariwo ẹnu. Òun ló ni etí. Bí àwo orin kan bá ń yí fún àwọn tó ń jó, òun á ti fi hẹ́dífóònù bo etí ọ̀tún, á máa fi gbọ́ èyí tó kàn. Etí kan wà lọ́dọ̀ àwọn oníjó, etí kejì wà lára àwo tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́. Nígbà tí ìlù inú méjèèjì bá bá ara wọn mu, á rọra ti ọ̀pá kékeré orí míkísà sí òdìkejì, orin á sì ti yí padà kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ rí. Gbogbo àwọn tó ń jó ló dúró, tí wọ́n ń wojú ara wọn. Hafeez rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní etí mi kò wúlò ju kí ó máa gbé fìlà dúró lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan tún wà tí o mọ̀ mọ́ ọn. Kò sí òde tí a lè lọ tí ládàánì á pe ìrun kí Hafeez má rẹ orin sílẹ̀. Bó ti wù kí ijó gbóná tó, bí ó bá ti gbọ́ ohùn àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lórí bọ́tìnnì. Òun ló sì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kódà kí àwa tí a jìnnà sí sípíkà tó gbọ́. Nítorí èyí ni àwọn bàbá tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ dísíkò sétí ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ wọn pe àwa, pé ọmọ tó mọ ìgbà tó yẹ kí ó dákẹ́ ni Hafeez. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju owó iṣẹ́ lọ.

Mo kọ̀wé sí ọ nígbà yẹn pé míkísà wa àtijọ́ já bọ́, ó sì fọ́. Bí ó ṣe já bọ́ ni n kò sọ, torí ohun tí mo fi ojú mi rí kò tíì yé mi. Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ìyá télọ̀ kan tó ń jẹ́ Ràmọ́tà ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó kọ́ iṣẹ́ yanjú. Àwọn ọmọbìnrin náà wọ aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán, wọ́n ń jó. Hafeez kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó tẹjú mọ́ àwo tó ń yí. Ni ládàánì bá pe ìrun alásàrì. Mọ́ṣáláṣí náà kò jìnnà rárá, odi lásán ló là wá láàárín. Orin kò rẹlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí orin náà parí ni. Ládàánì pe ìrun títí ó fi tán, orin wa sì ń dún lé e lórí. Àwọn ọmọbìnrin ti dúró. Ràmọ́tà ti ká ọwọ́ lérí. Gbogbo wa ń pariwo, "Hafeez! Hafeez!" Òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àwo, ó ń mi orí.

Ọ̀dọ́kùnrin kan fi ìbínú jáde láti mọ́ṣáláṣí, ó fa wáyà. Míkísà tẹ̀lé wáyà, ó balẹ̀ gbàà sórí sìmẹ́ńtì. Ìgbà náà ni Hafeez tó yíjú padà. James, n kò lè gbàgbé ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́. Ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Nígbà tí ó yé e, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ládàánì. Ó ní, "Ẹ foríjì mí, bàbá. Mi ò gbọ́ ni." Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Bàbá náà ní, "Ìwọ Hafeez? Ìwọ lo ò gbọ́?" Wọ́n rékọjá lára rẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èèyàn àdúgbò ti ń sọ pé ìgbéraga ti wọ ọmọ náà lẹ́wù.

Èyí tó tẹ̀lé e, ojú rẹ ló ṣe. A wá bá ọ, o mú wa lọ sí Sábó, Alájì gbé míkísà méjì jáde, ìwọ tí o jẹ́ atúnrédíòṣe sì so wọ́n mọ́ sípíkà, o fi àwo kan náà, èyí tí Hafeez fẹ́ràn jù, dán méjèèjì wò. Ohùn ti àkọ́kọ́ há bí ti rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ, ṣùgbọ́n iná wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, aláwọ̀ ewé àti pupa, tó ń gùn tó ń sọ̀ bí ìlù ṣe ń lù. Èkejì dúdú lásán, kò ní iná kankan. Ṣùgbọ́n bí orin ṣe jáde nínú rẹ̀, Alájì pàápàá mi orí. Hafeez kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú oníná, ó ní òun ti yan tòun. O ń ṣàlàyé ohùn fún un, ó ń wo iná. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ọ̀yọ́, mo sọ̀rọ̀ sí i dáadáa. Mo ní ìwà ọmọdé ló ń hù, ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ orin ni. Kò dá mi lóhùn. Mo rò pé ó ń bínú. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Waliyat ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó pọn Zulaikha ọmọ wọn sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó kọ̀, kò dìde. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Àlàmú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sọ́rẹ̀ẹ́ yín mọ́. Etí ẹ̀ ti lọ." Mo ní kí ló ń sọ. Ó ní etí ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, tòsì sì ti ń bá a lọ láti ìgbà àwẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké lẹ́yìn rẹ̀, kì í yíjú. Tí òun bá fẹ́ lọ pọnmi, ńṣe ni òun máa ń gbé ọmọ lé e láyà, torí bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ìyẹn ni bàbá rẹ̀ fi ń mọ̀.

Wọ́n ti lọ rí dókítà elétí ní Ìbàdàn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà ní kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Ó béèrè irú iṣẹ́ tí Hafeez ń ṣe, nígbà tí ó sì gbọ́, ó kàn mí kanlẹ̀ ni. Gbogbo ọdún tí ọ̀rẹ́ wa fi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, tí ó ń yí ohùn hẹ́dífóònù sókè kí ó lè borí ariwo òde, etí rẹ̀ ló ń ná. Ó dùn mí, James, ó dùn mí wọ egungun. Èmi tí n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín orin àti ariwo, etí mi dá ṣáká.

Mo lọ bá a nílé. Ó ń fi aṣọ nu àwọn àwo wa, ó ń dá wọn padà sínú páálí wọn. Bí mo bá kọjú sí i gan-an tí mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní, "Kí n sọ pé kí ni, Àlàmú? Pé díjéè yín ti dití?" Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí iná yẹn bá ń gùn, mo mọ ibi tí ìlù wà. Mo lè fojú so wọ́n pọ̀. Mo ti wò ó ní Sábó, mo lè ṣe é. Bí mi ò bá lè ṣe èyí mọ́, kí ló kù tí mo lè ṣe?" Èyí tí mo pè ní ìwà ọmọdé nìyẹn. Ọkùnrin náà ń wá ọ̀nà tí kò fi ní kúrò láàárín wa ni.

Mo lọ sọ fún bàbá ládàánì fúnra mi. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n rìn wá sílé Hafeez. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n ń sunkún sí i léjìká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí ji àwọn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pẹ́, wọn kò rántí pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ra oníná. Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Mo mọ̀ pé owó wa kò ká méjèèjì, pé Alájì kò ní dúró dè wá kọjá ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, àti pé bí ohùn wa bá há, àwọn kan kò ní pè wá sí òde wọn mọ́. Kí wọ́n má pè wá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí orin wa má dùn tó bẹ́ẹ̀ kí Hafeez sì wà nídìí rẹ̀, ju kí ó dùn kí òun sì jókòó sílé lọ. Ṣé o kò ní bá mi jiyàn lórí èyí? Mo bẹ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run tí ẹ̀ ń ké pè ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwa ń ké pè ní mọ́ṣáláṣí, má gba ohun tí a fi ń jẹ́ ẹni tí a jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí ó fún Rúùtù ní ọmọ tí yóò ké lóru tí ìwọ yóò gbọ́, tí oorun rẹ yóò dàrú, tí ìwọ yóò sì máa dúpẹ́. Kí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ọjọ́ orí bàbá wa ní Ìrẹsà. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá pa ọ́ lẹ́kún, sunkún rẹ tán nílé kí o tó lọ bá Alájì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti ìgbà ṣòkòtò péńpé,
Àlàmú.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ ìwé yìí pa nígbà tí Hafeez wọlé. Mo fún un kà, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Mo bá a jiyàn títí, ó kọ ojú sí ògiri kí ó má bàa rí ẹnu mi.

James, má dá Àlàmú lóhùn. Má ra oníná. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o gbé àwo sí èkejì ní Sábó, mo wo ojú yín. Mo rí Alájì. Mo rí Àlàmú tí ó pa ẹnu dé, ìwọ náà sì mọ̀ pé kì í pa á dé bọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí ó ṣe dùn tó. Èmi nìkan ni n kò gbọ́, àwọn tó ń jó ń gbọ́. Ra èkejì. Etí Àlàmú tí mo ní kò wúlò ju kí ó gbé fìlà dúró lọ, òun náà ni a ó máa lò. Èmi á gbé ọwọ́ lé sípíkà, màá sì máa kọ́ Àlàmú. Bí wọ́n bá pe ìrun, kí ó fọwọ́ kàn mí léjìká, èmi ni mo fẹ́ máa rẹ orin sílẹ̀. Nígbà tí o bá ti rà á, fi àwo tí mo fẹ́ràn jù yẹn dán an wò kí o tó dì í, James, kí o sì kọ̀wé sí mi bí ó ṣe dún.