Orin Tí A Kọ Ní Ilé Búrẹ́dì

                                        Yàrá Òkè, Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò dà yín láàmú jù? Orúnkún tó ń dùn yín ńjọ́sí ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú, inú mi sì dùn gan-an. Ní tèmi, ara le, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, òjò ibí yìí nìkan ni kò jẹ́ ká rímú mí.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ béèrè ẹgbẹ́ olórin wa, mo kàn ní ó wà ńbẹ̀. Ká sòótọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Àwa mẹ́rin ni. Ẹ mọ̀ pé èmi ni mò ń ta gìtá béèsì. Ẹni tó ń ta gìtá gangan, tó sì ń kọrin, ọmọ Bùràsíìlì ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe tà, Oníbúrẹ́dì náà la sì ń pè é. Obìnrin tó ń tẹ dùùrù wá láti Kúbà. Dókítà eyín ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Onílù wa, ará Jàpáànù, mẹkáníìkì ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó lè má sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Orin Bùràsíìlì àti ti Kúbà la ń kọ, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi, láàárín aṣọ tí àwọn oníbàárà kò tíì wá gbà. Èdè ìlú yìí la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ já geere nínú wa.

Orin kan ló dá ìjà sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì mú un wá, ó ní orin yẹn ni bàbá òun máa ń kọ bó bá ń kun ọkọ̀ ojú omi lọ́dà. Orin náà ń rọra lọ ni, bí ẹni ń rìn létí omi. Dókítà ní ó ń fa oorun, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù kíákíá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn. Oníbúrẹ́dì dá gìtá dúró.

"Orin bàbá mi kọ́ nìyẹn."

"Bàbá ẹ ò sí níbí," Dókítà dá a lóhùn. "Àwọn tó fẹ́ jó ló wà níbí."

"Ìwọ ni ò ní sùúrù."

"Ó dáa. Mi ò ní tẹ orin yẹn mọ́ láyé mi."

Ó palẹ̀ dùùrù rẹ̀ mọ́, ó jáde. Kò wá mọ́, Oníbúrẹ́dì náà kò sì pè é. Mo bẹ ẹnì kìíní, mo bẹ ẹnì kejì, títí ẹnu fi rẹ̀ mí. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti pè wá pé ká wá ṣeré ní gbọ̀ngàn àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Mẹkáníìkì yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù, tòun ti ọ́ìlì lára aṣọ. Ó ní, "Bàbá Oníbúrẹ́dì ti kú. Òní ni wọ́n ń sin ín." Mo ní ṣé Oníbúrẹ́dì ń lọ sílé ni? Ó mirí. Ìwé ìgbélùú Oníbúrẹ́dì ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba. Bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́.

Mo tẹ Dókítà láago. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀?" ó béèrè.

Mo ní kò sẹ́nì kankan.

"Ẹnì kan wà lórí àga mi. Tí mo bá ti yọ eyín ẹ̀ tán, mò ń bọ̀."

A bá Oníbúrẹ́dì nídìí tábìlì ní ilé búrẹ́dì rẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti agolo kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà lórí rẹ̀, à ń gbọ́ ẹkún lẹ́yìn. Dókítà kò kí i. Ó gbá ìyẹ̀fun kúrò ní igun tábìlì, ó gbé dùùrù kalẹ̀.

"Báwo ni bàbá ẹ ṣe ń kọ ọ́? Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Oníbúrẹ́dì nu ọwọ́, ó gbé orin. Dókítà tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn dání. Mẹkáníìkì da korobá kan dé, ó ń fọwọ́ lù ú. Èmi náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Àbúrò Oníbúrẹ́dì wá sọ nǹkan lórí fóònù, Oníbúrẹ́dì sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: wọ́n ti ń gbé òkú jáde, màmá wọn ní ká má dáwọ́ dúró, àbúrò òun á gbé fóònù dání dé itẹ́ òkú.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀nà yẹn jìn. A ó kọ ọ́ tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀. À ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lórí òkúta wẹ́wẹ́, ajá kan ń gbó, ẹnì kan ń wúkọ́. Àwọn tó wá ra búrẹ́dì tò sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò bínú. Bàbá àgbà kan ṣí fìlà. Nígbà tó yá, Oníbúrẹ́dì kò lè kọ ọ́ mọ́, ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó fọwọ́ bojú. Mo wo Dókítà, bóyá ká dúró.

"Wọn ò tíì débẹ̀," ó ní. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ń kọ orin náà lọ, ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Ìgbà tí ìró ẹsẹ̀ dáwọ́ dúró, ohùn ìyá àgbà kan jáde nínú fóònù. Oníbúrẹ́dì gbójú sókè. "Màmá mi ní àwọn ti dé. Ó ní ẹ ṣeun."

Ó bọ́jú, ó kó búrẹ́dì sínú ààrò, nítorí àwọn èèyàn ń dúró. Àwa la bá a tà á.

A ti ṣeré tó wà ní gbọ̀ngàn, wọ́n jó dáadáa. A ò kọ orin yẹn níbẹ̀; Oníbúrẹ́dì ló ní ká fi í sílẹ̀. Lánàá, òun àti Dókítà tún bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí orin mìíràn, wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mò ń ránṣọ, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti gbogbo àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún Màmá pé mi ò gbàgbé aṣọ wọn, ọrùn rẹ̀ ló kù. Ẹ máa tọ́jú orúnkún yẹn o.

Èmi ni àbúrò yín tó ń ro yín lójoojúmọ́,

Aránṣọ.