Ẹni Tó Pín Ló Ń Mú Kẹ́yìn

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bí a bá lè pe gbogbo ọdún wọ̀nyí ní ọjọ́ mẹ́ta. Ṣadé, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ kò bá a láyé. Òun náà ti bímọ obìnrin, ọmọ náà sì ti ń di nǹkan mú rìn. Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má bá mi tún un ṣe.

Òkun ti gba ọ̀nà ilé ìjọsìn. Ó ti gba ibi tí a ń sá ẹja sí. Ibojì yín ṣì wà, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí ọdún tó ń bọ̀. Ẹja kò sí nítòsí mọ́, epo rọ̀bì ti lé wọn. Àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá ló ń rí díẹ̀ lójú agbami. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń pín ẹja? Bí àwọn ọkùnrin bá ti fa àwọ̀n ńlá gúnlẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ pín in. Ẹ máa ká apá aṣọ yín sókè, ẹ máa nu ọwọ́ sí itan, ẹ máa wá to ẹja ní òkìtì-òkìtì sórí iyanrìn. Gbogbo ẹni tó fa okùn á mú òkìtì tó wù ú. Opó tí kò lẹ́ni nínú ọkọ̀ náà á mú tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú èyí tó bá kù. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú máa ń bí mi. Ọ̀bọ̀kún á lọ sílé onílé, àwa á máa yọ egungun ṣawá lẹ́nu. Mo rò pé ẹ kò gbọ́n ni.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí i pé òfin yẹn kò bìkítà bóyá èèyàn rere lẹni tó ń pín. Olè gan-an ì bá pín in dọ́gba, nígbà tó mọ̀ pé èyí tó burú jù lòun máa gbé relé. Ẹnikẹ́ni kò ní láti bẹ̀ yín. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù yín. Ẹni tó bá rí i pé òkìtì kan kéré á sọ ọ́ lójú yín, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì tún un tò. Mi ò kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò bá ń pariwo ìjọba àwa-ara-wa, etí òkun yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Lẹ́yìn tí omi kó ìlà ilé mẹ́ta lọ, ìjọba kọ́ ilé sórí ilẹ̀ gbígbẹ lápá òkè. Kò tó ìdajì wa. Ìlú pàdé, wọ́n ní kí á yan èèyàn márùn-ún tí yóò pín in. Wọ́n nawọ́ sókè fún mi nítorí yín. Mo dìde, mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pín ló máa mú kẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbídùn, ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń pè ní Ẹlẹ́nu Ṣóńṣó, ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹni tó jẹ́ alága àwa márùn-ún gbé ìwé wá bá mi nílé. Ó ní ìwé ilé ni, orúkọ àwa márùn-ún ló ṣáájú, àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i, èmi ló kù, ilé kò sì ní kárí, kí n má fi àṣà àtijọ́ pa ọmọ lára. Omi ń yọ láàárín pákó ilẹ̀ ilé. Ọmọ Ṣadé jókòó sínú rẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá a, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìwé náà gùn. Orúkọ àwọn tó máa gba ilé wà nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ló kún òkè rẹ̀. Ṣadé mọ̀wé. Ó na ọwọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kà á. Mo ní kó lọ gbé ọmọ rẹ̀. Mo tẹ̀ka sí i.

Kí n má fi àìmọ̀wé bojú, Bàbá mi. Mi ò jẹ́ kó kà á nítorí pé mi ò fẹ́ mọ̀.

Wọ́n gbé ìwé náà láti ilé dé ilé. Ìka mi ni wọ́n ń fi han àwọn èèyàn. Ẹni tó fẹ́ béèrè kò béèrè mọ́: bí ọmọ bàbá olùpín bá ti tẹ̀ ẹ́, kí ló kù? Gbogbo wọn tẹ̀ ẹ́. Kò sí sọ́jà, kò sí ìbọn.

Ìgbà tí ìlú tún pàdé ni alága tó kà á sókè. Ohun tí a fọwọ́ sí ni pé kò ní sí ìpàdé ìlú mọ́ lórí ilé àti ilẹ̀. Àwa márùn-ún ni yóò máa pinnu, a kò sì ní dìbò yan ẹlòmíràn. Ó wá fi tirẹ̀ kún un pé kí ẹni tó bá ṣì ń wá ilé mú káàdì ìdìbò rẹ̀ wá, kí òun bá a tọ́jú rẹ̀.

Ìbídùn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilé tirẹ̀ ti wó sínú omi, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára àwọn tó máa gba ilé.

“Ta ló fún yín láṣẹ?”

Mo dìde láti tì í lẹ́yìn. Alága yíjú sí mi.

“Màmá, ẹ̀yin náà ni. Àtàǹpàkò ta ló wà níwájú yìí? Ẹ jókòó o, kí ẹsẹ̀ má baà ro yín.”

“Ẹ jẹ́ kí Màmá lọ palẹ̀ ẹrù mọ́ ní tiwọn,” ẹnì kan sọ lẹ́yìn. “Àwọn ti di ará ilẹ̀ gbígbẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Ìbídùn wò mí, òun náà jókòó. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún dìde.

Ṣadé ti dá bíírò dúró. “Màmá, ṣé kí n kọ ìyẹn náà?” Kó kọ ọ́. Inú ilé tí wọ́n fún mi lòun náà máa sùn.

Ẹni tí òrùlé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan kò lè bá ẹni náà jiyàn. Ẹ̀yin mọ èyí kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣé ìdí tí ẹ fi ń jẹ ṣawá nìyẹn? Ṣé ebi kò pa yín rí, kó ṣe yín bíi kí ẹ fi ẹja ńlá kan pamọ́ sábẹ́ àwọ̀n? Kí lẹ fi mú ọwọ́ yín dúró lọ́jọ́ náà? Mo mọ̀ pé iyọ̀ lẹ fi ń fọ eyín, mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ orí ẹja, mo mọ ikọ́ tí ẹ máa ń wú kí ẹ tó wọlé. Èyí tí ìbá wúlò fún mi, ẹ kò sọ ọ́.

Ìbídùn wá lánàá, ó bá mi di ẹrù. Ilé ìjọsìn ló ń sùn. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó di etí ẹní kan mú, mo di èkejì, a ká a, ó so ó. Nígbà tó lọ, mo mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà dání, mo rò ó títí. Bí mo bá dá a padà, Ìbídùn kọ́ ni wọ́n máa gbé e fún. Alága á fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ṣadé á padà sínú omi, ìlú á sì wà bó ṣe wà. Òfin tí ìbá gbé kọ́kọ́rọ́ dé ọwọ́ Ìbídùn, èmi ni mo pa á.

Nítorí náà mo máa kó lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó èyí tí mi ò fi ní lọ.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí kò jọ yín.